Ọwọ́ Òsì Méjì

Kò sí ẹni tó ń pe ọkùnrin náà ní orúkọ mọ́. Télọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ: tábìlì ìgéṣọ kan, maṣínnì mẹ́ta, fèrèsé kan tí oòrùn òwúrọ̀ ń gbà wọlé, àti ìṣó kan lára ògiri. Orí ìṣó yẹn ni àlùmọ́gàjí ńlá ń gbé. Irin dúdú ni, ó sì wúwo. Ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀bù lè fi àlùmọ́gàjí kékeré gé òwú. Ẹni tó bá ń mú ti ara ìṣó ni ọ̀gá. Fún ogójì ọdún, Télọ̀ nìkan ló ń mú un.

Ohun kan wà tí kò yé àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Bí ó bá ti tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, tí ó gbé àlùmọ́gàjí, yóò gbé itọ́ mì, yóò wo ẹnu ọ̀nà, kí ó tó gé. Ogójì ọdún, kò sí ọjọ́ kan tí kò wo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n rò pé àdúrà ló ń gbà.

Ọmọ kan ló bí, obìnrin. Ìyá ọmọ náà ṣaláìsí nígbà tí ọmọ wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé Télọ̀ ń kẹ́ ọmọ yìí ní àkẹ́jù. Wọn kò parọ́. Ọmọ fẹ́ bàtà pupa, ó rà á. Ọmọ ní òun kò jẹ ẹ̀wà, ẹ̀wà kò wọ ìkòkò ilé náà mọ́. Ọmọ sùn títí oòrùn fi gun òrùlé, bàbá rẹ̀ a gbé ìgbálẹ̀, a gbá ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Alágbàfọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló sọ ọmọ náà ní Máfọwọ́kàn-án. Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlélógún báyìí, bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, ó ń dáhùn, á sì tún rẹ́rìn-ín.

Èyí tó wá burú jù lójú àwọn ènìyàn ni ti aṣọ. Nínú iṣẹ́ télọ̀, ìwé ìròyìn àtijọ́ ni ọmọ iṣẹ́ fi ń kọ́ bí a ti ń géṣọ. Yóò gé ìwé fún ọdún méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fún un ní àkísà. Ó lè tó ọdún kẹrin kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan aṣọ tuntun. Bí Télọ̀ ṣe kọ́ iṣẹ́ nìyẹn, bí ó sì ṣe kọ́ àwọn mìíràn nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ rẹ̀ pé ọdún mẹ́wàá, tí ó ní òun fẹ́ gé nǹkan, bàbá rẹ̀ ṣí àpótí, ó yọ ọ̀pá mẹ́rin aṣọ tuntun, ó tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀.

Ọmọ gé e. Aṣọ náà di ohun tí kò ṣe é wò. Télọ̀ kò bínú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í: "Níbo ló ti ṣì?" Ọmọ náà fi ìka tọ́ka sí ibẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n lọ jẹun. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún tẹ́ òmíràn.

Alágbàfọ̀ a máa sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé Télọ̀ ń ba aṣọ jẹ́, ó ń ba ọmọ jẹ́, èyí tí yóò kọ́kọ́ bàjẹ́ tán nínú méjèèjì ni a kò tíì mọ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù ni ẹ̀gbọ́n Télọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, obìnrin tó ń rìn bí ẹni tí agogo ń lé. Òun ló tọ́ Télọ̀ nígbà tí ìyá wọn kú, nítorí náà kì í gba ìyànjú lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Pàṣán ló fi tọ́ ọ, kò sì fi pa mọ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, síbẹ̀ bí ìyá rẹ̀ bá yọ lókèèrè, a dìde dúró. Òun ló ń kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Ìlà tó bá fà sórí aṣọ, ó ń gún bí okùn tí a so òkúta mọ́. Àléébù kan ṣoṣo ni àwọn oníbàárà ń rí: aṣọ kì í tó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọ̀pá mẹ́ta wá yóò gbọ́ pé ó kù díẹ̀ káàtó, kí ó lọ ra sí i.

Ní ọdún tó kọjá, ojú Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ó di ohun tí ó ń fi ìka wá ojú abẹ́rẹ́. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé àlùmọ́gàjí ara ìṣó fẹ́ pààrọ̀ ọwọ́. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó ní ọmọ òun ni kí ó fà á lé lọ́wọ́. Ó ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Télọ̀ ní ọmọ tòun ni yóò mú un.

"Èwo? Èyí tó ṣì ń sùn nílé lọ́wọ́lọ́wọ́ yìí?"

Télọ̀ ní òun náà ni. Ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Ìwọ kò ní ọwọ́ ọ̀tún rárá. Ọwọ́ òsì méjì ni Ọlọ́run fún ọ."

Alágbàfọ̀ gbọ́ ọ láti ìta. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti yí àdúgbò ká.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Màdáàmù wọlé. Ọ̀gá ilé-ìwé ni tẹ́lẹ̀, ó ti dàgbà, kò sì sí òbí tí kò kàwé lábẹ́ rẹ̀ ní òpópónà náà. Ó gbé aṣọ kan wá tí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun kí ó tó kú. Aró dúdú ni, ojú rẹ̀ ń dán, ẹ̀yìn rẹ̀ rí ṣákiṣàki, kò ṣe é yí síta. Ó ní kí wọ́n fi rán kóòtù fún òun. Irú rẹ̀ kò sí ní ọjà kankan. Bí ó bá bàjẹ́, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Télọ̀ wọn aṣọ náà, ó ní ọmọ òun ni yóò gé e. Ẹ̀gbọ́n gbọ́, ó padà wá. Ó ní bí Máfọwọ́kàn-án bá ba aṣọ Màdáàmù jẹ́, ọmọ òun ni yóò gba ṣọ́ọ̀bù. Télọ̀ ní ó gbà. Alágbàfọ̀ ni ẹlẹ́rìí.

Ọjọ́ tí wọ́n máa gé e, ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àga oníbàárà, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Alágbàfọ̀ fi áyọ́ọ̀nù rẹ̀ tó gbóná sílẹ̀ láàárín aṣọ oníbàárà, ó fara ti ilẹ̀kùn. Ọmọ náà dé ní agogo mẹ́wàá kọjá, ó kí gbogbo wọn, ó yọ àlùmọ́gàjí lára ìṣó. Kò gbé itọ́ mì. Kò wo ẹnu ọ̀nà. Ó gé iwájú, ó gé ẹ̀yìn, ó gé ọrùn, bí ẹni ń gé búrẹ́dì. Télọ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ìró irin. Ìró náà kò dá dúró níbì kan.

Ó wá ku ọwọ́ aṣọ. Tí aṣọ bá pọ̀, à á ṣẹ́ ẹ po sí méjì, a ó gé ọwọ́ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan á di ọ̀tún, ọ̀kan á di òsì. Èyí kò pọ̀. Ó ní láti gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ́ bébà àwòṣe, ó gé ọ̀kan. Ó gbé bébà náà síwájú, ó gé èkejì. Kò yí bébà náà padà.

Ó gbé méjèèjì sókè, ó wò wọ́n.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ká a mọ́ abẹ́. Sọ pé aṣọ kò tó."

Ọmọbìnrin náà kò mọ bí a ti ń rẹ ohùn sílẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, aṣọ tó. Èmi ni mo gé e ṣì." Ó kọjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá, ọwọ́ òsì méjì ni mo gé."

Alágbàfọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ní ó tán.

Télọ̀ ní kò tíì tán, aṣọ ní olówó. Ó bi ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè àtijọ́ náà. Ọmọ náà ní ibi tí òun kò ti yí bébà ni. Ó kó ọwọ́ òsì méjèèjì, ó gbé wọn sí apá, ó gba ilé Màdáàmù lọ. Kò sí ẹni tó rán an.

Ìgbà tí ó lọ tán ni Télọ̀ yíjú sí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bi í pé láti ọdún mẹ́sàn-án, aṣọ mélòó ni kò tó. Ọkùnrin náà wo ojú ìyá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n padà jókòó, àga dún lábẹ́ rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà padà dé láìpẹ́. Ó ní Màdáàmù wo ọwọ́ méjèèjì títí, ó bínú, ó ní òun kò ní fi pa mọ́ pé inú bí òun. Ó ní òun sọ fún Màdáàmù pé àṣẹ́kù aṣọ yóò gba ọwọ́ ọ̀tún bí a bá já a ní ìgúnpá, tí a sì rán ibẹ̀ pọ̀. Òun ti fẹ́ já ti òsì náà kí méjèèjì lè dọ́gba, kí ó dà bí ọ̀ṣọ́. Màdáàmù kọ̀. Ó ní kí wọ́n má fi irọ́ ṣe ọ̀ṣọ́ sí òun lára, kí ojú rírán wà níbi tí àṣìṣe wà. Ó tún ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti sọ fún òun ní ṣọ́ọ̀bù yìí pé aṣọ kò tó, òun sì ti ń rò ó.

Ẹ̀gbọ́n ní gbogbo ìyẹn dára, ṣùgbọ́n àdéhùn ni àdéhùn. Aṣọ ti ní àpá. Kí Télọ̀ fa àlùmọ́gàjí lé ọmọ òun lọ́wọ́. Alágbàfọ̀ náà ní lóòótọ́, òun ṣe ẹlẹ́rìí.

Télọ̀ mú àlùmọ́gàjí lórí tábìlì.

"Mo yẹ àdéhùn. Ẹ máa pè mí ní òpùrọ́, ẹ̀gbọ́n mi. N kò fún un."

Láti kékeré, Télọ̀ kò tíì yẹ àdéhùn pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí.

Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ní nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni òun, aṣọ tuntun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá òun gbé fún òun, ọwọ́ òsì méjì ni òun gé. Ọ̀gá náà ní rúlà onígi kan tó fi ń na àwọn ní eegun ìka. Òun wo ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹni tó ń bọ̀. Òun ká aṣọ náà sínú ẹrù ẹni tí àwọn jọ ń kọ́ṣẹ́. Akólòlò ni ọmọ yẹn. Kí ó tó lè pe "kì í ṣe èmi" tán, rúlà ti kán sí i lára. Wọ́n lé e lọ ní ọjọ́ náà. Kò sí ẹni tó tún rí i.

"Ọwọ́ ọ̀tún ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Òun náà ló kọ́ ọmọ yín kí ó máa ká aṣọ mọ́ abẹ́. Mo fún ọmọ mi ní àfijù. Bàtà, aṣọ, oorun. Èyí tí mo fún un jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé kò bẹ̀rù mi. Ẹ sọ pé ọwọ́ òsì méjì ni mo ní. Méjèèjì ni mo fi fà á mọ́ra. Bí mo bá tún bí òmíràn lónìí, méjèèjì náà ni n ó lò."

Ó na àlùmọ́gàjí sí ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà gbà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àṣẹ́kù aṣọ.

Ẹ̀gbọ́n jáde láì dágbére. Òórùn aṣọ jíjóná ti gba àdúgbò kan. Alágbàfọ̀ sá lọ sí ìdí áyọ́ọ̀nù rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ dé bí ìṣe rẹ̀. Ó gbé àpò kan lọ́wọ́, ó fi lé orí tábìlì, ó tú u. Aṣọ tí a gé ṣì ló kún inú rẹ̀, oríṣiríṣi àwọ̀. Ó dúró bí ẹni tó ń retí ẹgba. Télọ̀ fa èyí tó wà lókè jáde, ó sún mọ́ fèrèsé, ó fi ìka wá etí rẹ̀.

"Níbo lèyí ti ṣì?"

Ọkùnrin náà fi ìka tọ́ka sí i. Télọ̀ ní kí ó jókòó sí maṣínnì rẹ̀, kò sí ẹni tó lé e.

Lẹ́yìn náà ló gbé ìgbálẹ̀. Oòrùn ti ń gun òrùlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọjá lọ ní ìta, ó fa ẹsẹ̀ dúró, ó wo inú ṣọ́ọ̀bù, ó wo àga òfìfo ọ̀gá tuntun tí kò tíì jí, ó wo àbúrò rẹ̀ tó tẹ̀ba nídìí eruku.

Télọ̀ kí i káàárọ̀. Ó gbálẹ̀ dé ibi ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n, ó sì ń gbálẹ̀ lọ.