Ìyá Tó Jókòó Lójú Fèrèsé

Mi ò fẹ́ràn obìnrin náà láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ yọjú. Fíìmù àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ni, èyí tó máa ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ilé ńlá, ẹṣin, àwọn obìnrin tí aṣọ wọn ń gbálẹ̀. Opó ni obìnrin yìí, òun ló ni ilé. Ẹni bá kí i, á wò ó bí àwo tí wọn ò fọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ pé kí ni ọmọ oníṣòwò aṣọ mọ̀ nípa ìwà. Èmi tí mo ń ta léèsì, tí bàbá mi àti bàbá tó bí i lọ́mọ ta aṣọ ní ọjà Kantin Kwari ní Kano, mo bú u débi pé àwọn ará ilé kejì gbọ́.

Èmi àti Màmá mi la jọ máa ń wò ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo máa ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún un bó ṣe ń lọ, èébú tèmi á sì wà lórí rẹ̀. Ní ìparí oṣù yẹn ni yóò fi àdúgbò wa ní Sabon Gari sílẹ̀ pátápátá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àbúrò mi ti kọ́ yàrá kan fún un. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ mí lọ́kàn. Mi ò fẹ́ kó kúrò ní Kano láìsọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan.

Ibà ló pa ẹ̀gbọ́n mi nínú ilé yìí, nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ rẹ̀, kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ ló gbé e lọ, mo sì tẹ̀lé wọn torí pé àbúrò lè sin ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí a padà dé, àwọn ìyá ìjọ ń tún un sọ fún Màmá pé ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Òun jókòó síwájú abọ́ túwó àti ọbẹ̀ kúkà, ó ń jẹun. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fọwọ́. Láti ọjọ́ náà kò dárúkọ ọmọ yẹn mọ́, ó sì kó gbogbo fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri. Tó bá ń lọ sí ọjà, á ní kí oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní adaidaita gba ọ̀nà tó jìn, kó má bàa kọjá níwájú itẹ́ òkú. Mo dàgbà, mo bí ọmọ tèmi, inú túwó yẹn ṣì ń bí mi. Nígbà mìíràn tí òórùn kúkà bá fẹ́ wá láti ilé ẹlòmíràn, á dà bíi pé ẹnì kan dúró lẹ́yìn mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ti bojú wẹ̀yìn rí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí mò ń wí yìí, ọmọ opó inú fíìmù náà já bọ́ lórí ẹṣin, ó kú. Wọ́n gbé pósí jáde, gbogbo ilé tẹ̀lé e, títí kan àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin. Obìnrin náà nìkan ló jókòó lójú fèrèsé. Ó ní kí wọ́n gbé tíì wá, ó sì mu ún, láìsí omi lójú.

Mo pòṣé. Mo ní ọ̀dájú ni, pé adìyẹ tí àṣá gbé ọmọ rẹ̀ pàápàá a máa ké. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo rí i pé mo mọ ojú yẹn. Bó ṣe gbẹ, bó ṣe dúró sójú kan, ojú tí mo rí lórí abọ́ túwó ni. Ẹ̀rù bà mí.

“Haba, kí lo fẹ́ kó ṣe?” Màmá bi mí. “Ṣé kó tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ dé ibojì ni?”

Mo fẹ́ sọ fún un pé àwọn òyìnbó kò ní irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀, pé kò sẹ́ni tó dá obìnrin náà dúró. Màmá kò gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

“Tíì yẹn, kò mọ adùn rẹ̀ lẹ́nu,” ó ní. “Wọ́n ní kí n jẹun lọ́jọ́ náà nítorí ẹ̀yin tó kù. Mo jẹ túwó. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀.”

Mi ò lè wò ó lójú. Mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ìbínú tí mo ti ń gbé láti kékeré sí.

Ní ohùn tó fi máa ń bèèrè ohun tí a máa sè lálẹ́, ó bèèrè bóyá igi wà níbi tí a tẹ́ ẹ̀gbọ́n mi sí.

Mo mọ ibẹ̀ dáadáa. Ọdọọdún ni mo máa ń dá lọ ro koríko ibẹ̀, láìsọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Dongoyaro kan ti ṣíji bò ó rí, ṣùgbọ́n wọ́n gé e, ilẹ̀ ibẹ̀ wá ṣófo, oòrùn ń pa á láti àárọ̀. Àgbàlagbà ń lọ, kò sì ní padà wá. Mo parọ́.

“Ó wà, mà. Dongoyaro ni. Ibẹ̀ tutù.”

Màmá mirí. “Ó wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n gé e nígbà tí wọ́n ń tún ọgbà ibẹ̀ mọ.”

Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó ti lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, òun nìkan, ó ti dúró níwájú ohun tí òbí kò gbọdọ̀ rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

“Tí mo bá ti lọ tán, bá mi gbin òmíràn,” ó ní. “Apá orí rẹ̀ ni kó o gbìn ín sí. Ibẹ̀ loòrùn ti máa ń bá a.”