Ọkọ Mi àti Jíìpù Tó Ń Kú Lójú Ọ̀nà

Dákẹ́-ná ni wọ́n ń pe ọkọ mi. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, iṣẹ́ ló fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọkọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó sì fẹ́ máa rojọ́ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà, ọkọ mi á gbé ọwọ́ sókè, á ní, "Ẹ dákẹ́ ná." Á fetí sí ẹ́ńjìnnì, á wo èéfín, kó tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó ni ọkọ̀. Bí èéfín bá dúdú, ẹ́ńjìnnì ò rí afẹ́fẹ́ tó, tàbí kí epo pọ̀ jù fún un. Bó bá funfun, omi ti wọ inú epo, tàbí kí epo má jóná tán. Bó bá ní àwọ̀ aró, ọ́ìlì ló ń jó. Mo mọ gbogbo rẹ̀ lórí, nítorí ògiri kan ṣoṣo ló pín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ibi tí mo ti ń ránṣọ. Pẹ̀lú iye ọdún tí mo ti fi gbọ́ ariwo yẹn, ó yẹ kí wọ́n ti fún mi ní sípánà tèmi.

Nínú gbogbo ọkọ̀ tó ń wá, ọ̀kan wà tí mo sọ ní orogún mi. Jíìpù àwọn ilé ìwòsàn ni, arúgbó ọkọ̀ dísẹ́lì tó ga lẹ́sẹ̀, tí ọ̀nà gbágungbàgun kì í bà lẹ́rù. Ọkọ mi á jí láàárọ̀, kó tó kí mi, á ti lọ fọwọ́ kan jíìpù. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa ló ń wà á. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni. Lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀ ló ń sọdá odò lọ wo àwọn aboyún tó wà ní àwọn abà ẹ̀yìn òkè. Kò sí afárá lórí odò yẹn. Jíìpù á wọ inú omi, á yọ lódìkejì, á sì máa gun òkè lọ.

Bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ni jíìpù bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójú ọ̀nà. Á sáré dáadáa títí yóò fi jìnnà sílé, lẹ́yìn náà agbára rẹ̀ á máa dínkù, á máa fà bí ẹni tó ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ, á sì dákẹ́. Nọ́ọ̀sì á tẹ̀ wá láago. Bàbá rẹ̀ á gun alùpùpù, á sáré lọ bá a. Tó bá débẹ̀, á kọ́kọ́ ṣí táǹkì, á ki igi bọ̀ ọ́ láti mọ̀ bóyá epo ṣì wà, nítorí ó ti pẹ́ tí abẹ́rẹ́ tó ń fi iye epo hàn ti kú. Lẹ́yìn náà ló máa wá ṣí iwájú ọkọ̀, á tú èyí, á so tọ̀hún, á fi ọwọ́ fa epo wá síwájú, ẹ́ńjìnnì á sì gbà.

Nígbà àkọ́kọ́, ó ní ìdọ̀tí ló dí asẹ́ tí dísẹ́lì ń gbà kọjá, ó sì pààrọ̀ asẹ́. Nígbà kejì, ó ní atẹ́gùn ló ń gba ibi tí ọ̀pá epo ti sán wọlé, ó pààrọ̀ ọ̀pá. Nígbà kẹta, ó tú pọ́ǹpù sílẹ̀ sórí aṣọ mímọ́ tó gbà lọ́wọ́ mi, ó nù ún wẹ́wẹ́, ó tò ó padà. Gbogbo ìgbà ló máa ń nu ọwọ́, á ní, "Ó ti parí." Bó bá sì tan jíìpù sínú ọgbà, kò ní wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ìgbà kẹta yẹn ló kó ìpayà bá wa. Orí òkè, kété tí Nọ́ọ̀sì kúrò nínú odò, ni ọkọ̀ kú sí. Ó ní omi ṣì ń kán lára táyà. Odò ò tíì jìn nígbà náà, alùpùpù bàbá rẹ̀ ṣì là á kọjá. Lọ́jọ́ yẹn, a gbé oúnjẹ síwájú, kò sẹ́ni tó lè jẹ ẹ́. Ohun kan náà ló wà lọ́kàn èmi àti bàbá rẹ̀: ká ní inú omi ló kú sí ńkọ́? Odò náà sì ń kún sí i lójoojúmọ́.

Nígbà tó ku ọ̀la kó tún lọ, mo ní kó jẹ́ kí òjò dáwọ́ dúró ná.

"Màámi, kò ṣeé ṣe," ó ní. "Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó lóyún ìbejì. Oṣù rẹ̀ ti pé, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sì gbé orí sókè dípò kó dorí kodò. Mo gbọ́dọ̀ gbé e wá sí ìhín kí omi tó di ọ̀nà. Tó bá rọbí lọ́hùn-ún, mi ò mọ ẹni tó máa gbà á là."

Bàbá rẹ̀ dìde. Ó mú kọ́kọ́rọ́ jíìpù, ó ní òun fẹ́ lọ dán an wò lójú ọ̀nà tó jìn. Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, mo wọ bàtà.

"Ibo lò ń lọ?"

"Bí ọmọ mi yóò bá wọ̀ ọ́ lọ́la, èmi náà á wọ̀ ọ́ lónìí."

A kọjá ibi tí wọ́n ti ń la pákó, a kọjá ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ọkọ mi gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gbọ́. Èmi ń wo ojú rẹ̀ dípò ọ̀nà, nítorí ojú yẹn ni mo fi ń mọ bí ara ọkọ̀ ṣe rí. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ fà ro. Lẹ́yìn ìyẹn ni èmi náà gbọ́ ọ: ẹ́ńjìnnì ń rẹlẹ̀, ó ń rẹlẹ̀.

"Ó ti dé," ló wí. Ọkọ̀ sì kú.

Ó fò sílẹ̀, ó ṣí iwájú ọkọ̀. "Ìyá Nọ́ọ̀sì, bá mi ki igi bọ táǹkì, kí n mọ̀ bóyá epo ṣì wà."

Ìdérí táǹkì le gan-an. Mo fi etí aṣọ mi dì í mú, mo fi gbogbo agbára yí i. Bó ṣe tú báyìí, táǹkì fa afẹ́fẹ́ sínú: fííì! Ó ṣe bí ọmọ tó sunkún títí tí èémí rẹ̀ gbé, tó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i fà. Mo tàdí mẹ́yìn.

"Bàbá Nọ́ọ̀sì, kí ló dé tí táǹkì yìí ń mí?"

"Táǹkì kì í mí. Epo wà níbẹ̀ àbí kò sí?"

"Mo ní ó mí. Ẹ́ńjìnnì ló yé ẹ̀yin, ṣùgbọ́n etí tèmi náà ò di."

Ó yọ orí jáde. Kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan níwájú ọkọ̀. Sípánà tó mú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí, ó wo ìdérí tó wà lọ́wọ́ mi. Ó lọ jókòó sídìí ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó wá gbà. Ọkọ mi pa á, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì gba ìdérí lọ́wọ́ mi.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé wa. Gbogbo ìgbà tó ń lọ tún jíìpù ṣe, táǹkì ló kọ́kọ́ ń ṣí. Ṣíṣí yẹn ló ń wo ọkọ̀ sàn, òun sì ń rò pé asẹ́ ni, pé ọ̀pá ni, pé pọ́ǹpù ni. Kò gbọ́ ohùn náà rí, nítorí alùpùpù rẹ̀ kì í tètè gbà, nítorí náà kì í pa á tó bá débẹ̀. Á máa kùn gùùrùùrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí yóò fi ṣe tán. Dákẹ́-ná tó ń pa gbogbo ayé lẹ́nu mọ́, kò pa alùpùpù tirẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Ó dojú ìdérí bolẹ̀. Rọ́bà dúdú kan wà nínú rẹ̀, ó rí róbótó, ó bá a mu rẹ́gí. Mo mọ rọ́bà yẹn. Lára rọ́bà inú táyà ló ti gé e, sísọ́ọ̀sì mi ló fi gé e, a sì jà nítorí pé kò jẹ́ kí sísọ́ọ̀sì náà mú mọ́. Nígbà òjò àkọ́kọ́ ọdún yìí, omi wọ inú dísẹ́lì, jíìpù ń rú èéfín funfun, ló bá gé rọ́bà yìí kí ẹ̀kán omi kan má bàa wọ inú ọkọ̀ tí ọmọ rẹ̀ ń wà mọ́. Omi ò wọlé mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ihò kékeré kan wà lára ìdérí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí epo ṣe ń lọ, rọ́bà náà sì bò ó pa. Epo ń jáde, kò sí ohun tó ń wọlé rọ́pò rẹ̀, títí táǹkì á fi di epo tó kù mú, tí kò ní jẹ́ kó jáde mọ́.

"Èmi ni," ló wí. "Èmi ni mo ń fún un lọ́rùn."

Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́: ó ti dé orí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, mo bá gbé e mì. Mo yọ abẹ́rẹ́ tí mo máa ń fi há ọrùn aṣọ, mo nà án sí i. Ó fi abẹ gé àárín rọ́bà náà kúrò, ó ṣẹ́ ku etí rẹ̀, ó sì fi abẹ́rẹ́ tú ihò tó ti dí.

A wakọ̀ padà sílé, kò kú. Inú mi dùn, inú tirẹ̀ ò dùn. Ó ní, "Gbogbo ìgbà tí mo bá tún un ṣe náà ni kì í kú lọ́jọ́ yẹn."

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì dé, bàbá rẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi rọ́bà tó gé pa mọ́. Ọmọ náà fara balẹ̀ gbọ́.

"Bàámi, ṣé ó ti wá parí báyìí?"

Ìgbà mẹ́ta ni mo ti gbọ́ ìdáhùn ìbéèrè yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wo ilẹ̀. "Mo rò bẹ́ẹ̀. Mi ò lè búra."

Nọ́ọ̀sì kọjú sí mi. "Màámi, báwo ló ṣe dún nígbà tẹ́ ẹ ṣí i?"

Mo ṣe é fún un: fííì. Ó ní kí n tún un ṣe, mo tún un ṣe.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, èmi àti bàbá rẹ̀ gun alùpùpù tẹ̀ lé e dé etí odò. Omi ti bo àwọn òkúta tí a máa ń jókòó lé. Ọkọ mi pa alùpùpù. Ó yí jíìpù ká, ó fọwọ́ kan ìdérí táǹkì. Nọ́ọ̀sì ní, "Ó dàbọ̀," ó sì wọ inú omi.

Omi ga dé ibi iná iwájú ọkọ̀. Ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà. Mo ń gbàdúrà sábẹ́ ètè, ọkọ mi bá gbé ọwọ́ sókè sí mi: "Dákẹ́ ná." Mo dákẹ́. Jíìpù yọ lódìkejì, omi ń dà lára rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Igi gbà á lójú wa, ó ku ohùn nìkan. Ohùn náà ń lọ, ó ń lọ, ó dé ibi tó ti kú níjọ́sí.

Ó dákẹ́.

Ọkọ mi ń rìn wọ inú odò lọ, tòun ti bàtà. Mo di ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ mú, ojú rírán tí mo fọwọ́ ara mi rán já sí mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe ń fà á ni fóònù mi dún.

"Màámi, ẹ gbé e sétí Bàámi." Mo gbé e sáàárín àwa méjèèjì. "Bàámi, èmi ni mo pa á o, kò kú. Mo fẹ́ mọ̀ kí n tó gbé aboyún wọ inú rẹ̀. Mo ti ṣí ìdérí, mo fi etí lé e. Kò fa nǹkan kan. Mo ń lọ gbé e wá."

Inú fóònù àti orí òkè ni a ti gbọ́ ọ pa pọ̀, bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbà. Ọkọ mi dúró sínú omi títí ohùn náà fi kọjá òkè. Ó wá jáde, ó jókòó sórí koríko, ó ń da omi kúrò nínú bàtà, omi sì ń jáde lójú òun náà. Kò fi pa mọ́.

Mo jókòó tì í. Ó wo alùpùpù tó ti pa.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì," ló wí, "ìyẹn ò ní gbà mọ́ o. Jíìpù la máa bá lọ sílé."