Kọ̀ǹpútà Títí àti Orúkọ Tí Mo Fún Àbíkẹ́yìn

Lánàá ni ọmọ-ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí fa tẹlifísàn àtijọ́ kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó tì í bọ iná. Kò fi àwòrán kankan hàn, ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ ti ń gbóná, eruku ọdún gbọọrọ inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó díẹ̀díẹ̀, òórùn rẹ̀ sì gba pálọ̀. Mo ní, "Yéè! Òórùn kọ̀ǹpútà Títí rè é!" Ọmọ náà wò mí bí ẹni pé ibà ń ṣe mí. Mo ní kó jókòó, kó mú bírò.

Èmi kò mọ̀wé, n kò lè ka ọdún bí àwọn alákọ̀wé ti ń kà á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọdún tí ìjì ká gbogbo páànù orí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlá ni, tí a ń jọ́sìn lábẹ́ igi odán, tí ẹyẹ sì ń yàgbẹ́ sórí gèlè wa bí ìwàásù bá ti gùn jù. Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá. Àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, Títí ọmọ mi sì wà nílé.

Ọ̀gá ibi tó ti kọ́ títẹ̀wé ní Òṣogbo ló ta kọ̀ǹpútà náà fún un ní gbàǹjo. Ìró mi méjì ló fi wé e, ó sì gbé e lé itan nínú mọ́tò títí dé Ìlá, bí ìyá ìkókó. Orí tábìlì maṣíìnì ìránṣọ mi la gbé e sí. Bí ó bá ti gbóná, eruku ọyẹ́ inú rẹ̀ á máa rùn títí dé ẹ̀yìnkùlé. Títí ní òun fẹ́ ṣe wẹ́bùsáìtì ti ara òun, ojú-ewé tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò láti ìlú yòówù kó wà. Mo bi í pé kí ni yóò wà níbẹ̀. Ó ní, "Ilé wa ni, Màámi."

N kò kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà ni, ìyá tó bí ọkọ mi. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ti lọ sí Jámánì láti ìgbà tí Títí, ọmọ tí mo bí kẹ́yìn, ṣì ń rá. Ó ń kọ lẹ́tà, ó ń kọ lẹ́tà, ó dáwọ́ dúró. Ọdún keje ti ń lọ. Ojú Ìyá Àgbà ti ń ṣú, síbẹ̀ bí ọdún bá ti dé, tí àwọn ọmọ Ìlá ń ti Èkó àti òkè òkun wálé, yóò ní kí a gbé àga òun sẹ́nu ọ̀nà, yóò máa bi ẹni tó bá ń kọjá pé, "Ẹ ò pàdé ọmọ mi lọ́hùn-ún?" Lọ́jọ́ kan ni Títí sọ fún mi nínú ilé ìdáná: "Màámi, bí Bùọ̀dá Jámánì bá wà láyé, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò tẹ orúkọ Ìlá sínú kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ kó bá wa níbẹ̀."

Ẹ wo sùúrù ọmọ! Iná kì í wà lójoojúmọ́. Orí ìwé ló ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ná, àwọn àmì èdè kọ̀ǹpútà tó ṣóńṣó bí orí ọfà, lọ́tùn-ún lósì. Bí ó bá ń gún iyán lọ́wọ́, yóò dúró, yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, yóò sáré lọ tún ibì kan kọ. Bí iná bá wá dé lọ́sàn-án, ariwo á sọ ní gbogbo àdúgbò, Títí á ju ọmọ odó sílẹ̀. Èmi náà á sáré mú áyọ́ọ̀nù, nítorí aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àṣé áyọ́ọ̀nù àti kọ̀ǹpútà kì í jọ gbé lórí wáyà ilé wa. Pàá! Kọ̀ǹpútà kú, iṣẹ́ ọ̀sán kan wọmi. "Màámi, ẹ ti pa mí o!" Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo gbé áyọ́ọ̀nù sókè àjà, a sì ń wọ aṣọ rírún lọ sábẹ́ igi odán. Kò sẹ́ni tó lè fi wá ṣẹ̀sín, ẹyẹ ṣáà ti sọ gbogbo wa dọ́gba.

Ó kọ nípa ẹnu ọ̀nà wa, ó kọ nípa bí a ti ń fi ewé gbòdògì di obì kó má baà gbẹ. Ó wá ku ojú-ewé orúkọ àwọn ará ilé. Bàbá rẹ̀ wà lóko kòkó, Ìyá Àgbà lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Òkè-Ìlá, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì sì ni mọ́tò tí yóò gbé e lọ sí kafé ní Òṣogbo, níbi tí yóò ti fi iṣẹ́ náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó jókòó tì mí níbi tí mo ti ń ṣa obì. "Màámi, ẹ ka orúkọ àwọn ọmọ Ìyá Àgbà fún mi." Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ju "Bàbá Èkó" àti "Bùọ̀dá Jámánì" lọ.

Ó gbàgbé ẹni tó ń bi. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá bá nílé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Oníkálukú wọn ni mo ti fún ní orúkọ tèmi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni Ìbàdí-àrán. Èyí tó tẹ̀ lé e ni Ajísafẹ́. Àbíkẹ́yìn kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà tí mo wọlé. Bí wọ́n ti ń da omi sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹsẹ̀ mi yọ̀, díẹ̀ ló kù kí n fi ìdí lélẹ̀. Gbogbo ayé ń ṣe "pẹ̀lẹ́", òun nìkan ló bú sẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun báláú. Mo ní, "Eyínfúnjowó ọkọ mi, èmi lẹ ń fi rẹ́rìn-ín?" Orúkọ náà mọ́ ọn lára.

Bí mo ṣe kà á nìyẹn. Títí ní, "Ẹ sọ èyí tí wọ́n ń jẹ́ níléèwé." Mo ní, "Bí mo bá pè é, ta ni yóò wẹ̀ mí mọ́? Dúró de bàbá rẹ." Ó ní mọ́tò kò ní í dúró. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú díìsìkì pẹlẹbẹ kan, ó fi ọ̀rá wé e, ó lọ.

Ọjọ́ kẹta ni Ìbàdí-àrán gbọ́. Kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀: "Ìyàwó! Orúkọ tí o fi ń tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ mi lo gbé síta fún gbogbo ayé? Ta ni yóò mọ̀ pé ilé wa ni? Bí ọmọ yẹn bá rí i, yóò kọjá lọ ni. O ti dí ọ̀nà mọ́ ọn." Mo kúnlẹ̀. Ìyá Àgbà, tó ti Òkè-Ìlá dé, kò bínú. Ó kàn ní kí a gbé àga òun wọlé. Ìyẹn ló dùn mí dé egungun.

Epo bẹntiróòlù wọ́n lásìkò náà, mọ́tò kò lọ Òṣogbo geerege. Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí Títí tó ráyè lọ tún orúkọ náà ṣe. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìkóríta, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́: "Màámi, n kò tún un ṣe mọ́ o!" Bébà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí ojú-ewé wa, tí wọ́n tẹ̀ jáde fún un ní kafé. Ó kà á fún wa:

"Ìyàwó wa, orúkọ tí mo ń jẹ́ nínú ìwé, ilé wo ni kò sí ní Ìlá? Bí ẹ bá kọ ìyẹn, n bá rò pé ọmọ ẹlòmíràn ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ mí ní Eyínfúnjowó. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, ojú tì mí láti kọ̀wé lọ́wọ́ òfo, bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún. Ṣé ìyá mi ṣì ń bẹ?"

Ìyá Àgbà ní, "Tún ibi tó ti pe orúkọ yẹn kà." Títí kà á. Ó ní kó tún un kà. Ọbẹ̀ mi jóná lórí iná, kò sẹ́ni tó bi mí. Ìbàdí-àrán fi ìborùn nu ojú, ó ní, "Ìyàwó, orúkọ tèmi yẹn, fi oríkì díẹ̀ kún un o, àwọn òyìnbó ń kà á."

Eyínfúnjowó wálé lọ́dún kejì. Ojú Ìyá Àgbà ti lọ tán nígbà náà. Lẹ́nu ọ̀nà níbi tó jókòó sí, ó ní kí ọmọ náà la ẹnu, ó fi ìka tọ eyín rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Òun ni. Ẹ gbé àga mi wọlé."

Títí ní àwọn tó fún òun láyè lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ojú-ewé wa kò sí níbẹ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà náà di ibi tí adìyẹ ń yé sí. Lónìí, ẹni tó wà ní Jámánì àti ẹni tó wà ní Ìlá ń rí ojú ara wọn nínú fóònù, àwọn ìyàwó ìwòyí sì ń pe àbúrò ọkọ lórúkọ gbàgà. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Títí ń lọ ilé ọkọ, tí àwọn ọmọkùnrin mi sì ń gbé ìyàwó wálé, ohun kan náà ni mo sọ fún wọn: "Orúkọ inú ìwé-ẹ̀rí, gbogbo ayé ló ni ín. Ẹ fún ara yín ní èyí tí ilé nìkan mọ̀, kí ẹ sì máa pè é sókè. Bí ọ̀nà bá jìn lọ́jọ́ kan, òun la ó fi ké sí yín."