Ìbọn Tí Mo Fi Ọwọ́ Méjèèjì Gbé

Ọ̀dọ̀ Uncle mi, àbúrò ìyá mi, ni mo ti kọ́ iṣẹ́ títún ìbọn ṣe, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Lithonia, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìwé mi ò pọ̀, n kì í sì í lè wo ojú èèyàn sọ̀rọ̀. Irin kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni.

Bàbá arúgbó kan gbé ìbọn ìléwọ́ bàbá rẹ̀ wá láti Jonesboro, irú èyí tí àwọn sójà Amẹ́ríkà ń lò láyé ogun àgbáyé. Uncle ra ọ̀pá ìbọn tuntun sí i, ó ní kí èmi fi fáìlì tí a fi ń họ irin fá a títí yóò fi wọ inú irin òkè rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Màá fi íǹkì dúdú kùn ún, màá tì í wọlé, màá wo ibi tí íǹkì ti parẹ́. Ibẹ̀ nìkan ni màá fá. Bí mo bá fá a jù, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Ìgbà náà ni ọmọ Uncle parí college, tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò mi ni, àmọ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, kì í fi ẹ̀yin pè mí. Kò fọwọ́ kan fáìlì rí. Ṣùgbọ́n bó bá ti rẹ́rìn-ín, gbogbo oníbàárà á bá a rẹ́rìn-ín, Uncle á ní, "Ẹ gbọ́ ọmọ mi!" Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń ta mí bí ata.

Uncle ń wá ẹni tí yóò máa bá òun dán ìbọn oníbàárà wò ní rẹ́ńjì, níbi ìyìnbọn, ní gbogbo Sátidé. Ó kó àwa méjèèjì lọ. "Ẹni tó bá ṣe dáadáa lónìí ló ni ín." Mo fẹ́ ipò yẹn gan-an.

Èmi ló kọ́kọ́ pè. Mo ki ọta kan ṣoṣo sí ìbọn bàbá Jonesboro náà, bí a ti máa ń ṣe fún ìbọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, mo yìn ín. Ó dún dáadáa.

"Jẹ́ kí n wò ó," ni Uncle wí lẹ́yìn mi.

A kì í gbé ìbọn léni lọ́wọ́ níbẹ̀. Orí tábìlì là ń gbé e sí, ẹnu rẹ̀ á kọjú síwájú. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àgbà ló ní kí n mú nǹkan wá. Kí n tó ronú, mo ti yí padà, orúnkún mi ti tẹ̀, mo ti fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ẹnu ìbọn ń wo àyà rẹ̀. Ọta ti tán nínú rẹ̀, àmọ́ òfin ibẹ̀ ò ka ìyẹn sí.

Uncle fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Gbé e sílẹ̀! Ta ní ń kúnlẹ̀ fúnni ní ikú?"

Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. "Sister, range ni o, kì í ṣe church!"

Òun náà yìn ín léraléra, ó gbé e sórí tábìlì, ó sún sẹ́yìn. Uncle gbá a léjìká: "Ìwọ lo ni Sátidé."

Nígbà tí wọ́n fa bébà tí à ń yìnbọn sí wá, àwọn ihò ọta rẹ̀ sún mọ́ra débi pé àtàǹpàkò mi bò wọ́n.

"Sister, ìwọ lo fá ọ̀pá ìbọn yẹn o," ni àbúrò mi wí. Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù, torí n kò rí ibi tí màá ti bá a jà.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì lọ. Uncle ti lẹ bébà náà mọ́ ògiri, orúkọ ọmọ rẹ̀ ló kọ sí i. Mo fi íǹkì kun ọ̀pá ìbọn mìíràn. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti fá a dáadáa tó, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe máa yin àbúrò mi tó. Mo wo bébà yẹn, mo mú fáìlì, mo sì fá a dáadáa.