Bí Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Ṣe Fi Èébú Dá Ìtọ̀ Dúró

Láti abúlé wa ní Etikan dé Ode Ugbo, ó lé ní wákàtí kan lórí omi, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kì í sì í dúró fún ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n. Ohun tó ń ba ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin lẹ́rù nìyẹn. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń gbé ní Ode Ugbo lóyún, ó ku oṣù mẹ́rin kó bí, òun ìyá ló sì yẹ kó lọ máa wẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti wúkọ́ tàbí tó rẹ́rìn-ín, ìtọ̀ á jò.

"N kò lọ," ló wí. "Kí wọ́n lọ yá ìyá ẹlòmíràn."

Inú mi dùn, kí n má purọ́. Látìgbà tí tèmi náà ti jò lẹ́yìn àbíkẹ́yìn mi ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí mo bá rí nípa rẹ̀ lórí fóònù, mo sì ti da nọ́ọ̀sì wa láàmú títí ó fi ń sá fún mi. Mo ti ní ìmọ̀. Aláìsàn ni n kò ní.

Ilé ìtọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Orí omi la kọ́lé sí, pákó mẹ́fà péré ló sì wà láàárín yàrá rẹ̀ àti ibẹ̀. Nítorí pé ó sún mọ́ ọn, ó ń lọ ní gbogbo ìdajì wákàtí, ì báà gbọ̀n ọ́n, ì báà má gbọ̀n ọ́n. Àpò ìtọ̀ rẹ̀ ti gbàgbé bí àpò ṣe ń kún. Mo ní kó máa fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sún un síwájú lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi tó wákàtí méjì.

Ibi eré ìdárayá ni mo ti ṣìnà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, iṣan tí ẹ fi ń dá ìtọ̀ dúró, ẹ fà á sókè bí ẹni ń fa àwọ̀n." Àṣìṣe ńlá! Ọmọ apẹja lobìnrin yìí. Ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó di eyín, ó sé èémí, ikùn rẹ̀ le bí pákó. Ìsàlẹ̀ ni gbogbo agbára yẹn ń tì sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó wá bá mi: "Ìyàwó, ìtọ̀ tó ń jò ti pọ̀ sí i. Ṣé kí n fi kún fífà náà ni?"

Mo padà sídìí fóònù. Kì í ṣe àwọ̀n, ìṣáwùrú ni. Bí ètè ṣe ń rọra fa ìṣáwùrú yọ nínú ìkarahun, bẹ́ẹ̀ ni kó fa ìsàlẹ̀ wọlé, kí ìdí àti ikùn dẹ̀. Kó dì í mú, kó kà dé márùn-ún. Kó tú u sílẹ̀, kó kà dé márùn-ún. Ìgbà mẹ́wàá, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Bó bá fẹ́ wúkọ́ tàbí gbé apẹ̀rẹ̀ edé, kó kọ́kọ́ fà á ná.

Síbẹ̀ kò yéé sé èémí. "Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò lè sé èémí," ni mo wí. "Ẹ máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń fà á."

"Kí ni n ó máa sọ?"

"Ohunkóhun. Ẹ bú mi."

Ojú rẹ̀ là. "Olórí bí ìkòkò," ló wí, ó rọra ń fà á. "Kò mọ ọbẹ̀ sè. Àbúrò mi ti rù." Ó tú u sílẹ̀. "Ìyàwó, eléyìí dára o."

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi jẹ ọgbọ̀n èébú lójúmọ́. Àwọn kan wà nínú wọn tó dá mi lójú pé kò kan ìtọ̀.

Wọ́n pè wá pé ọmọ ti dé. Èmi àti òun jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Ode Ugbo. Ní àárín ọ̀nà, ọkọ̀ ńlá kan kọjá lára wa, ìgbì gbé wa sókè, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ yí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìṣáwùrú," ni mo sọ sí i létí.

"Ọ̀lẹ obìnrin!" ló ké. Gbogbo èrò ọkọ̀ yíjú sí wa. Ìgbì kejì dé. "Ìyá rẹ kò kọ́ ọ ní ilẹ̀ gbígbá!"

"Ẹ ṣeun, mà. Ẹ má dáwọ́ dúró."

Bàbá kan tó jókòó níwájú wa bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí, nítorí Ọlọ́run.

Ní èbúté Ode Ugbo, ó dìde, ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn ìró rẹ̀. Ó tún pa á. Gbígbẹ ni.

"Ibo ni ilé ìtọ̀ wọn wà?" ló bi mí. Kò sáré. Ó tiẹ̀ dúró kí ènìyàn mẹ́ta lójú ọ̀nà.