Mosúnmọ́lá Tún Wo Fíìmù Kínkín

Nígbà tí Mosúnmọ́lá wà lọ́mọdé ní Ìdí-Àbà, kò sí ohun tó fẹ́ràn tó Kínkín. Ọ̀kẹ́rẹ́ kékeré ni Kínkín, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà nínú fíìmù kàtúùnù mẹ́ta kan tí bàbá Mosúnmọ́lá rà bọ̀ láti Èkó. Orúkọ tí àwọn òyìnbó fún un kò yí lẹ́nu ọmọ náà, ló bá sọ ọ́ ní Kínkín, gbogbo ilé sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó mọ orin inú fíìmù yẹn ju orin ṣọ́ọ̀ṣì lọ, bẹ́ẹ̀ bàbá rẹ̀ wà lára àwọn akọrin Áńgílíkà. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó bàjẹ́, Mosúnmọ́lá wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì gbàgbé Kínkín.

Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún báyìí. Ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́, ilé wọn ní Ìdí-Àbà ló ṣì ń gbé, kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló sì ti ń wọkọ̀ ní gáréèjì Kútọ̀. Apá òsì rẹ̀ kì í nà tán. Tí wọ́n bá bi í léèrè níbi iṣẹ́, á ní òun yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ nígbà tí òun wà ní kékeré. Ohun tí ìyá rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, sọ fún dókítà nìyẹn.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Jedidiah dé láti Ìbàdàn pẹ̀lú Tolúlàṣẹ, obìnrin tó fẹ́ gbé níyàwó. Lẹ́yìn oúnjẹ, tí gbogbo wọn jókòó ní pálọ̀ pẹ̀lú bàbá àti ìyá wọn, Jedidiah so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

"Mosún, ọ̀rẹ́ rẹ rèé. Mo rí gbogbo rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

Bí orin ìbẹ̀rẹ̀ ṣe dún, ara Mosúnmọ́lá yá gágá. Òun àti Tolúlàṣẹ jọ ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n wò ó débi tí ẹ̀gbọ́n Kínkín ti tì í bọ́ láti orí igi, nítorí pé kò dìde fún un níbi tó jókòó sí. Kínkín já lulẹ̀ gbì, ìràwọ̀ ń yí i lórí po, ló bá dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Jedidiah fọwọ́ gbá itan. Ìyá wọn náà ń rẹ́rìn-ín.

Mosúnmọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Gẹ̀ẹ́sì kò tíì yé e dáadáa nígbà tó ń wo fíìmù yìí ní kékeré. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí Kínkín ń sọ kó tó ṣubú. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Ó ń sọ pé, jọ̀ọ́, má tì mí.

"Bùọ̀dá Jẹ́dì, ẹ dá a dúró ná."

Jedidiah dá a dúró.

"Ẹ sọ ohun tó ṣe apá mi fún Àǹtí Tolúlàṣẹ."

"Ṣebí o yọ̀ ní balùwẹ̀ ni."

"Mosúnmọ́lá, àlejò wà nílé," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Mo rí i, mà. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń bi wọ́n." Ó wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ìwọ lo tì mí. Orí ibi tí wọ́n gbé táǹkì omi lé lẹ́yìn ilé yìí lo ti tì mí. Mo bẹ̀ ọ́ pé kó o má tì mí. O ní Kínkín kì í kú."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ lò ń pè ní ìwọ?" Nínú gbogbo ohun tó sọ, ìyẹn ni ìyá rẹ̀ gbọ́.

"Eré là ń ṣe," ni Jedidiah wí. "Ọmọdé ni wá."

"Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ọ́, èmi jẹ́ ọmọ ọdún méje. Ìwọ nìkan lò ń ṣeré."

Bàbá wọn yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Balùwẹ̀ lo sọ fún mi."

"Kí ni kí n sọ? Ẹ ò bá lù ú pa. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí mo bí nìyẹn."

"Èmi ńkọ́, mà?" ni Mosúnmọ́lá bi í.

Tolúlàṣẹ ló wá sọ̀rọ̀. "Jedidiah, ṣé o tì í?"

"Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn."

"Mi ò bi ọ́ bó ṣe pẹ́ tó."

Jedidiah pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé gbà. Ó ní láti kékeré ni Mosúnmọ́lá ti ń jowú òun, pé ó fẹ́ fi kàtúùnù lásán tú ilé òun ká. Nígbà tí wọ́n ń padà sí Ìbàdàn, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni Tolúlàṣẹ jókòó sí.

Láti ọjọ́ náà, ìyá Mosúnmọ́lá kò dáhùn kíkí rẹ̀ mọ́. Ó tilẹ̀ rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sí i pé kó lọ kúnlẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mosúnmọ́lá ní òun ò lọ. Ó wá fíìmù náà rí fúnra rẹ̀, ó sì wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán. Kò sí èyí tí wọn ò ti ti Kínkín ṣubú, kò sì sí èyí tí ẹnikẹ́ni ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Síbẹ̀ orin rẹ̀ ṣì dùn mọ́ ọn, ìyẹn gan-an ló sì bí i nínú jù. Kí oṣù tó parí, ó ti kó lọ sí yàrá kan ní Ṣàgámù. Bàbá rẹ̀ ló bá a gbé ẹrù. Ìgbà tí wọ́n dé ibẹ̀ ló ní, "Ó yẹ kí n ti bi ọ́ léèrè."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Mosúnmọ́lá dáhùn.

Títí di òní, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá ìgbéyàwó Jedidiah ṣì máa wáyé. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Jedidiah pe Mosúnmọ́lá lórí fóònù.

"Tó bá dùn ẹ́, má bínú."

"Kò sí 'tó bá' níbẹ̀," ni Mosúnmọ́lá wí, ó sì pa fóònù náà.