Ìjókòó Kan Ló Gbà

Ọjọ́ tí ọ̀pá ìdábùú ọkọ̀ òfuurufú wa tẹ̀ ni Kàmọ́rù kó àwọn sípánà rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ṣàngó. Kò bú mi, kò sì jan ilẹ̀kùn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó di àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn ọ̀kadà, ó ní òun ń lọ sí Ìtẹ̀lé, níbi tí àbúrò òun ti ní ilẹ̀ tí òun lè fi ṣe ibi àtúnṣe mọ́tò.

Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ìkòkò ni a ti pàdé. Èmi ń gé alumíníọ́mù, òun ń tún ẹ̀rọ ṣe. Nígbà tí wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, àwa méjèèjì gba ṣọ́ọ̀bù, à ń ṣe fèrèsé fún àwọn tó ń kọ́lé. Ṣùgbọ́n ohun tó ti wà lọ́kàn wa láti iléeṣẹ́ ni ọkọ̀ òfuurufú kékeré, èyí tí apá rẹ̀ jẹ́ aṣọ tí wọ́n nà sórí ọ̀pá bíi ti àdán. Abẹ́ apá yẹn ni ìjókòó máa ń rọ̀ sí, pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́ta nísàlẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn awakọ̀. Kò ní ìdarí bíi ti mọ́tò. Ọ̀pá kan ló wà níwájú àyà ẹni. Bí o bá fi gbé ara rẹ sápá òsì, ọkọ̀ á yà sósì. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n ara ẹni tó jókòó fi ṣe pàtàkì ju ohun gbogbo lọ.

Ìjókòó méjì la kọ́kọ́ yà sórí ìwé. Kàmọ́rù fẹ́ kí a jọ gòkè. Òun ló wá ẹ́ńjìnnì alùpùpù tòkunbọ̀ kan, tó tú u palẹ̀, tó sì tún un tò. Nígbà tí a fẹ́ dán apá wò, a dà á dojú dé, a ń kó àpò yanrìn lé e díẹ̀díẹ̀, kí yanrìn lè ṣe bí afẹ́fẹ́ yóò ti ṣe. Ìwọ̀n ẹnì kan kò ṣe é ní nǹkankan. Bó ṣe ń sún mọ́ ti ẹni méjì, ọ̀pá ìdábùú, èyí tó na apá méjèèjì sílẹ̀, tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́.

Kàmọ́rù ní kí a wá ọ̀pá tó nípọn jù ú lọ. Mo ṣírò rẹ̀ títí. Ọ̀pá bẹ́ẹ̀ á wúwo, ẹ́ńjìnnì kò sì ní lè gbé gbogbo rẹ̀. Mo sọ fún un pé ìjókòó kan la máa ṣe.

"Ta ló máa jókòó síbẹ̀?" ó bi mí.

Mo tún wo ìwé ìṣirò. Ó sanra jù mí lọ dáadáa.

"Mo ti gbọ́," ó ní.

Lẹ́yìn tó lọ, ìyá tó ń ta ìrẹsì lẹ́bàá wa ṣì ń bu oúnjẹ ẹni méjì ránṣẹ́. Mi ò sọ fún un pé ó ti ku èmi nìkan. Mo ń jẹ gbogbo rẹ̀, títí ṣòkòtò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi, mo sì rántí pé ìwọ̀n ara mi wà nínú ìṣirò. Ìgbà yẹn ni mo tó ṣàlàyé fún ìyá náà.

Ìyá Rófíà, tó ń rán tapólì fún àwọn onítírélà, ló bá mi rán aṣọ apá náà. Èyí tó kọ́kọ́ rán súnkì létí, bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ fi bo àpò sìmẹ́ńtì.

"Ṣé ènìyàn ló máa wà lábẹ́ rẹ̀?" ó béèrè.

"Èmi ni, mà."

Ó mú abẹ, ó tú gbogbo rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Bàbá kan ní Àtàn yọ̀ǹda pápá rẹ̀ fún mi. Mi ò tíì gbàṣẹ láti fò jìnnà, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ ni kí n ga díẹ̀ kọjá orí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbìn lẹ́bàá rẹ̀, kí n sì balẹ̀ sí òpin pápá. Mo pe Kàmọ́rù lórí fóònù kó wá wò ó. Ó ní mọ́tò oníbàárà wà lórí jáàkì. Ó béèrè bóyá mo ti fún àwọn bóòtù ẹ́ńjìnnì le. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dáa, ó sì pa fóònù.

Mo wa ọkọ̀ náà sáré lórí koríko títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi dẹ́kun gbígbọ̀n. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti kúrò nílẹ̀. Apá náà kò fà sọ́tùn-ún, kò fà sósì; ó ṣe gẹ́gẹ́ bí mo ṣe yà á. Mo rí orí ẹ̀gẹ́, mo rí páànù ilé àwọn èèyàn, inú mi dùn, mo sì yíjú láti sọ ọ́ fún Kàmọ́rù. Afẹ́fẹ́ ló fẹ́ lù mí lójú. Mo dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, mo balẹ̀.

Àwọn tó bá mi rù ú wá ti padà síbi iṣẹ́. Ìyá Rófíà nìkan ló dúró. Ó kọ́kọ́ lọ fọwọ́ kan ojú ibi tó rán lára aṣọ apá kó tó wá kí mi. Ó ní ojú mi kò jọ ti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ yọrí. Mo ní ó rẹ̀ mí ni.

Ó wá ku ká ká apá náà. Ẹnì kan kò lè ká a: bí ẹ bá ti tú ọ̀pá ìdábùú, ẹnì kan á di ìhín mú, ẹnì kejì á di ọ̀hún mú, wọn á máa rìn pàdé ara wọn. Kàmọ́rù ló máa ń di ọ̀hún mú. Mo dúró, mò ń wò ó.

Ìyá Rófíà bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rìn yí ká, ó sì di òdìkejì mú.

"Ó yá," ó ní. "Ẹ máa bọ̀."